Ìró Ẹsẹ̀ Kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé náà ṣì wà níbẹ̀ ní Sharjah, àjà kẹsàn-án, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ ọ́ létí mi, kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òru nìkan ni ohun abàmì ń rìn, kò tíì rí ọ̀sán Sharjah nígbà ooru.

Ọmọ́ṣadé ni wọ́n ń pè é, ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adéjàre. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ kí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí tó dúró. Nígbà tí dókítà ní kó fi iṣẹ́ ilé oúnjẹ tó ń ṣe ní Al Rigga ní Dubai sílẹ̀, kó lọ sinmi nílé, kò jiyàn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní nínú fúláàtì náà. Yàrá kejì jẹ́ ti Alhaja Asiat, obìnrin oníṣòwò tó ń ra aṣọ àti bàtà lọ́pọ̀ ní ọjà Deira, tó ń kó wọn ránṣẹ́ sí Èkó. Aago márùn-ún ìdájí ni bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ máa ń gbé Adéjàre lọ sí Dubai Investments Park, ní wèéháòsì tí wọ́n ti ń tú kọ̀ǹténà ẹrù àlòkù láti Japan. Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ kì í fẹ́ mira.

Dókítà, obìnrin ará India kan tí kì í pariwo, ní kó máa fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó máa ka iye ìgbà tí ọmọ bá tàpá. Bí kò bá pé ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárín wákàtí méjì, kó máa bọ̀ ní ọsibítù. “Tó bá lè dé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n,” ó ní, “ọkàn mi á balẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n wà nígbà yẹn. Ọmọ́ṣadé á dùbúlẹ̀, á ka ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ mìíràn, á ka ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, á wá máa wo òrùlé. Ẹ̀rù bà á débi pé kì í fẹ́ wúkọ́.

Lọ́jọ́ kan, Adéjàre gbé rédíò pupa kan wálé, irú ti àtijọ́ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fẹ́ jù ú nù níbi iṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi téèpù lẹ páálí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rédíò náà. Wọ́n ya ẹranko kan sára páálí ọ̀hún. Inú òkun ló ti ń jáde bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú rẹ̀ kò ga kọjá orúnkún rẹ̀.

“Kí lèyí?” Ọmọ́ṣadé bi í.

“Fíìmù Japan àtijọ́ ni. A máa ń wo irú ẹ̀ nílé àwọn Jesse, aládùúgbò wa, nígbà tí mo wà ní kékeré. Èèyàn ni wọ́n máa ń wọ aṣọ ẹranko fún, á wá máa tẹ ilé páálí mọ́lẹ̀.”

“O wá rí i pé aláboyún ló yẹ kó o gbé e wá fún.”

“Music inú fíìmù nìkan ni, Ṣadé. Kò sí ẹranko níbẹ̀.”

Ó na fóònù sí àkọlé tó wà lára páálí, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Orin àkọ́kọ́ ń jẹ́ “Ó Ń Bọ̀”. Adéjàre rẹ́rìn-ín, ó tẹ rédíò.

Ìlù ńlá kan ló bẹ̀rẹ̀, òun nìkan. Gbì. Ó dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mí sínú. Gbì. Ìdákẹ́ mìíràn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ọmọ́ṣadé gbá ikùn rẹ̀ mú. Ọmọ ti tàpá. Gbì, ọmọ tún tàpá. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni ìlù náà dún kí àwọn fèrè ńláńlá tó dà á bo, ọmọ náà kò sì fo ẹyọ kan mọ́. Adéjàre gbé ọwọ́ lé ikùn ìyàwó rẹ̀, omi dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún un lù títí oúnjẹ fi tutù.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Ọmọ́ṣadé bá ti jẹun ọ̀sán tán, á tẹ rédíò. Kì í pẹ́ tí ẹ̀ẹ̀mẹwàá fi ń pé. Ìdùnnú yìí pọ̀ jù fún un láti fi ẹnu dákẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìlù náà sọ̀rọ̀. Gbì. “Máa bọ̀.” Gbì. “Máa bọ̀.” Ohùn ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìrìn ló fi ń sọ ọ́.

Alhaja Asiat gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tí kò tètè lọ sí Deira. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà títí fèrè fi dún.

“Ṣadé, ta lò ń pè?”

“Ọmọ mi ni o, Alhaja.”

“Lọ́sàn-án gangan?”

“Lẹ́yìn lunch ni doctor ní kí n máa kà á, ẹ̀yin náà.”

“Ó ní kó o kà á. Ṣé ó ní kó o pè é?” Alhaja wọlé, ó jókòó létí ibùsùn. “Ọmọ tó wà nínú rẹ ò jìnnà, àbúrò mi. Ẹni tó bá jìnnà là ń sọ fún pé kó máa bọ̀.”

Ó yọ pín-ìnì kan nínú ìbòrí rẹ̀, ó fi há etí aṣọ Ọmọ́ṣadé, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé fún aláboyún tí oòrùn ọ̀sán bá fẹ́ ká mọ́ ìta. Ọmọ́ṣadé dúpẹ́. Nígbà tí Alhaja jáde, ó fi ẹ̀rín bo ẹnu, torí àjà kẹsàn-án ló wà, AC sì ń fẹ́ sí i lára.

Lọ́jọ́ kejì, òùngbẹ gbẹ ẹ́ bí ìlù ṣe ń parí. Ó pa rédíò kí fèrè tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mu omi. Mẹ́rìnlá ti pé.

Gbì.

Ìta ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún ti wá.

Ọmọ náà tàpá. Ọmọ́ṣadé gbé ife omi dúró lọ́wọ́, kò mu ún. Ó yọ́ dìde lọ sójú fèrèsé.

Nígbà ooru, ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago mẹ́ta. Ìta á dá páropáro. Àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ́lé á dúró sójú kan, àwọn ẹyẹlé á wọ abẹ́ ẹ̀rọ AC. Ilẹ̀ yanrìn gbalasa kan wà níwájú ilé náà, níbi tí wọ́n ti ń páàkì ọkọ̀ ní ìlà-ìlà, láti etí ọ̀sà títí dé abẹ́ fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ìlà ọkọ̀ tó sún mọ́ omi jù lọ ń tan iná, ó ń pa, áláàmù gbogbo wọn sì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó dún. Ìgbà tó yá, wọ́n dákẹ́.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ìlà kejì ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ìlà kẹta.

Nígbà tí ará Bangladesh tó ń ṣọ́ ilé gbé omi mímu wá, Ọmọ́ṣadé bi í léèrè. Ó nu òógùn ojú rẹ̀. “Garmi, madam,” ó ní. Ooru ló ń sọ. “Too much garmi, car is crying.” Ọmọ́ṣadé ní, kí ló dé tó fi jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lójoojúmọ́? Ọkùnrin náà gbé ike òfìfo lọ.

Adéjàre wà nílé lọ́jọ́ Sunday. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ rédíò, òun náà ló pa á lẹ́yìn ìkẹrìnlá. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Ọmọ́ṣadé gbọ́ ọ, ìró náà tún sún mọ́ sí i. Ọmọ tàpá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ ké.

“O gbọ́?”

“Áláàmù mà ni, Ṣadé.”

“Kó tó di áláàmù.”

Adéjàre wò ó pẹ̀lú àánú. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan,” ó ní. Olóòótọ́ èèyàn ni, kò sì mọ irọ́ pa.

Ọmọ́ṣadé ti rédíò náà sábẹ́ ibùsùn. Ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ tàpá lẹ́ẹ̀mejì. Ìta dákẹ́, kò sí ọkọ̀ tó ké. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kò mira rárá. Ó mu omi tútù, ó jẹ dàbínù, ó kọrin, ó gbàdúrà, ó fi ọwọ́ ta ikùn rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Nígbà tí Adéjàre dé, wọ́n wọ takisí lọ sí ọsibítù, ọkàn ọmọ náà ń lù, ṣùgbọ́n ó rọra ń lù ni. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, a máa gbé e jáde,” ó ní. “Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Mo fẹ́ ọjọ́ méjìlá sí i. Ẹ bá mi wá ọjọ́ méjìlá.”

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọmọ́ṣadé fa rédíò jáde. Gbì, ọmọ tàpá. Ó sunkún nígbà tó gbọ́ ti ìta. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ka ìlà ọkọ̀ tó kù láàárín ibi tí ìró náà dé àti ilé. Mẹ́wàá. Ọjọ́ tó kù sì jẹ́ méjìlá.

Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tóbi tó, a kì í fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ó kan ilẹ̀kùn Alhaja Asiat nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ gbogbo rẹ̀. Alhaja ń fi ọ̀rá wé bàtà, kò sì dá iṣẹ́ dúró títí Ọmọ́ṣadé fi sọ̀rọ̀ tán. Kò rẹ́rìn-ín.

“Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe?”

“Tó bá jẹ́ èmi,” Alhaja ní, “màá fẹ́ kí ọmọ mi wà láàyè.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Lẹ́yìn náà, a máa wo ohun tó bá wá. Wallahi, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò téèyàn bá fẹnu ara ẹ̀ pè, èèyàn ò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́ṣadé ṣe ń tẹ rédíò lójoojúmọ́, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Kò sọ “Máa bọ̀” mọ́, ṣùgbọ́n kò dà bíi pé ìyẹn yí nǹkan kan padà. Á ka títàpá ọmọ, á ka ìlà ọkọ̀. Ó ku mẹ́sàn-án, ó ku mẹ́jọ. Ó gbìyànjú láti fo ọjọ́ kan, bóyá òun á lè rí ọjọ́ méjì tí ìlà ọkọ̀ fi dín sí ti dókítà yẹn. Nígbà tó fi máa di aago méjì, ọmọ kò tíì mira, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí bọ́tìnnì kó tó mọ̀. Nígbà tó ku mẹ́rin, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ẹnu AC bí ìró ẹsẹ̀ náà bá ti dún. Nígbà tó ku méjì, yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, òórùn omi iyọ̀ àti àpáta tí oòrùn kì í dé ibi tó wà. Adéjàre ní bóyá páìpù ló ń jò. Ó wá a káàkiri títí ó fi sùn.

Ìyàwó rẹ̀ kò sùn. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ sì ń bà á díẹ̀. Ó sọ èyí fún mi láì fi bò.

Lọ́jọ́ tí ìlà ọkọ̀ tó kẹ́yìn kù, Alhaja Asiat kò lọ sí Deira. Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀ wá, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn. Ọmọ́ṣadé kò jẹun. Ọmọ kò mira láti òwúrọ̀.

“Má tẹ̀ ẹ́,” Alhaja ní. “Ká lọ sí ọsibítù báyìí. Yalla, dìde.”

“Wọ́n á gbé e jáde. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò tíì gbó.”

“Ṣadé.”

“Ọjọ́ méjì péré ló kù, Alhaja mi.”

Wọ́n jókòó. Aago kan kọjá. Ọmọ́ṣadé gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó dúró bí ẹni tó ń fetí sí ilẹ̀kùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sì wá tẹ rédíò.

Ìlù dún ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá. Ọmọ tàpá ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá, agbára wà nínú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọmọ́ṣadé pa á.

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún kò pariwo. Ìsàlẹ̀ ilé ló ti wá, ó rọra wá, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń sọ ẹrù kalẹ̀. Kò sí áláàmù kankan tó ké lọ́jọ́ náà. AC kú. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá wálẹ̀.

Alhaja Asiat fi ìbòrí bo ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Kò gbójú sókè. Títí dòní, ó ní òun ò rí nǹkan kan, òótọ́ ló sì sọ.

Ọmọ́ṣadé wo fèrèsé. Oòrùn kò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀run kò sí níbẹ̀. Ohun kan ti dí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúdú, ó rí gbágungbàgun, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó ń sún mọ́ gíláàsì díẹ̀, á tún sún sẹ́yìn díẹ̀, bí àyà ẹni tó ti rìn jìnnà.

Ó fẹ́ kígbe. Ẹ̀kọ́ tí ìyá tó bí i fi tọ́ ọ dàgbà ló ràn án lọ́wọ́. Ó di etí ibùsùn mú, ó kúnlẹ̀ tòun ti ikùn.

“Ẹ kú ìrìn,” ó ní.

Gíláàsì fèrèsé ń làágùn.

“Ẹ kú ìrìn o. Ọmọ mi ni mò ń pè. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà.”

Ó ní òun ò mọ bó ti pẹ́ tó. Ó kàn mọ̀ pé ọmọ yí padà nínú òun pátápátá, láìsí ìlù kankan, ó tún yí, ó tún tàpá bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà oòrùn wọlé padà. AC kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ lé ti tutù, omi rẹ̀ ti bẹ́.

“Khalas,” Alhaja ní, ó sì fà á dìde. “Khalas, ó ti tó. Jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n bí ọmọbìnrin náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń mí fúnra rẹ̀. Kò sunkún, ojú lásán ló là, ó ń wo gbogbo wọn. Dókítà ní òun ò rí ẹ̀dọ̀fóró tó gbó tó báyìí rí lára ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kòfowórọlá ni wọ́n sọ ọ́. Adéjàre jó nínú kọ́rídọ̀ ọsibítù títí sikiọ́ríìtì fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

Rédíò náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà mìíràn Adéjàre á tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, torí ó fẹ́ràn orin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni ìlù máa ń dún, fèrè á sì wọlé. Kò sí ohun tó kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, wọ́n kó lọ sí Dubai Investments Park, kí Adéjàre lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ́ṣadé ló ní kí wọ́n kó. Àjà ìsàlẹ̀ ló ní òun fẹ́, níbi tó jìnnà sí omi. Fèrèsé wọn kọjú sí ògiri wèéháòsì, kò sí ohun téèyàn lè rí níbẹ̀ ju ògiri lọ. Oṣù kan kọjá láìsí nǹkan kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbé ọmọ jókòó sórí ẹní, ó yíjú láti ká aṣọ. Nígbà tó yíjú padà, Kòfowórọlá ti fi ohun ìṣeré rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ń wo òkè pátápátá, ibi tó ga kọjá òrùlé, bí ọmọdé ṣe ń wo ojú ẹni gíga tó bá dúró tì í. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tó máa ń rín sí ẹni tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, kí wọ́n gbé òun.

Ọmọ́ṣadé ju aṣọ nù, ó sáré gbé e.

Ọmọ náà ti lé lọ́dún kan báyìí. Lójoojúmọ́, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ọmọ náà á na ọwọ́ sókè. Ọmọ́ṣadé kì í jìnnà sí i lákòókò náà, kì í lọ sí ibi kankan. Títí di òní, òun ló ń kọ́kọ́ gbé e.